Ìwé Ojú Méjì Tí Lọ́yà Fi Ránṣẹ́

ÌBÉÈRÈ

Bàbá Akọ̀wé, ìgbà tí ọkọ mi wà láyé, òun ló máa ń ka ojú ìwé yín sókè fún mi ní ọjọ́ Àìkú. Èmi ni mo wá ń kà á fúnra mi báyìí.

Sìmẹ́ǹtì ni mò ń tà ní Ìkòròdú. Ní 2020, kọngílá kan tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìkẹjà gba tírélà sìmẹ́ǹtì mẹ́jọ lọ́wọ́ mi, 600 àpò nínú tírélà kọ̀ọ̀kan, 3,300 náírà lórí àpò kan. Ó san mílíọ̀nù mẹ́ta sílẹ̀. Ó ku 12,840,000 náírà. Ó ní kí December ọdún náà tó parí, òun á ti san án tán. Láti ìgbà yẹn, "Mummy, ẹ ṣe sùúrù" ló ń kọ sí mi lórí WhatsApp. Mo ti ṣe sùúrù títí, ó ti sú sùúrù gan-an.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi wá lọ́yà kan. Lọ́yà náà fi ìwé ojú méjì ránṣẹ́, ó fi ròyìn ara rẹ̀. Òyìnbó inú rẹ̀ dán bí ìgò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ẹni tí ìwé rẹ̀ gùn tó báyìí, ó mọṣẹ́ nìyẹn. 800,000 náírà ló sì ń béèrè kó tó ṣí fáìlì. Mo fi ẹ̀dà ìwé náà sínú lẹ́tà yìí, mo ti fi yíǹkì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, torí n kò fẹ́ ba ọmọlọ́mọ jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n wò nínú rẹ̀?

Ìyá Onísìmẹ́ǹtì, Ìkòròdú

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ kú ọrọ̀ ajé, ẹ sì kú àfaradà ẹlẹ́nu dídùn. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú awò lójú, mo kà á lẹ́ẹ̀kẹta pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. N kò rí irọ́ kan níbẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò sí lọ́yà tí kò lè kọ ọ́. Èyí tó kan owó yín, ìsàlẹ̀ pátápátá ló fi sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ka ojú ìwé yìí mọ̀ pé n kì í ṣe lọ́yà. Akọ̀wé kóòtù ni mí fún ọdún 31. Abẹ́ ìjókòó adájọ́ ni tábìlì mi wà. Èmi ni mò ń pe nọ́ńbà ẹjọ́, èmi ni mò ń na ọwọ́ gba ìwé lọ́wọ́ àwọn lọ́yà, ibẹ̀ ni mo ti mọ ọwọ́ tó ń gbọ̀n yàtọ̀ sí èyí tí kì í gbọ̀n. Bí akọ̀wé ṣe ń kà á ni mo ṣe máa kà á fún yín.

Ìlà tó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ni pé òun jẹ́ Barrister and Solicitor of the Supreme Court of Nigeria. Èyí ló dẹ́rù ba ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, mo fura. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé gbogbo lọ́yà Nàìjíríà ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nílùú Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni: ẹni tó ń gba oníbàárà lálejò, tó ń to ìwé ẹjọ́ jọ, kì í sábà ṣe ẹni tó máa de wíìgì lọ sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́ àgbà. Níbí, orí ẹnì kan la kó méjèèjì lé. Ẹni tó ti fi ogún ọdún ṣe ìwé ilẹ̀ láìwọ kóòtù rí, oyè kan náà ló ń jẹ́ pẹ̀lú ẹni tí gáùn rẹ̀ ti ṣá sí ara rẹ̀ nínú kóòtù. Oyè yìí kò sì wọ́n lójú pópó. Síkírù Àyìndé tí gbogbo wa ń pè ní Barrister, fújì ló kọ, kò gbẹjọ́ rò rí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn lẹ́tà kéékèèké tó tò sẹ́yìn orúkọ rẹ̀. LL.B. ni oyè yunifásítì: ọdún márùn-ún ni fún ẹni tó ti ìdánwò JAMB wọlé, mẹ́rin fún ẹni tó ti ní oyè mìíràn tẹ́lẹ̀. B.L. ni pé ó lọ sí Ilé Ẹ̀kọ́ Òfin Nàìjíríà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó láyé àtijọ́, tí orí rẹ̀ wà ní Bwari báyìí. Kó tó di pé wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, òkè òkun ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí Sàró, London ni wọ́n ti pè é sí ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò ní 1879, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe iṣẹ́ náà. LL.M. ni pé ó tún padà lọ jókòó ní kíláàsì. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí tó ń purọ́ lórí àpò sìmẹ́ǹtì, kì í ṣe kíláàsì ni wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú un.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ fi bírò gún ìwé náà ni ibi tó ti kọ pé òun ti lò ju ọdún 15 lọ lẹ́nu iṣẹ́ òfin. Ẹ bá mi ká a. Òun náà ló kọ ọ́ nísàlẹ̀ pé 2008 ni òun jáde ní yunifásítì, pé 2014 ni wọ́n pe òun sí ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò. Ọjọ́ tí wọ́n pe lọ́yà, tó fọwọ́ sí ìwé orúkọ ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, ọjọ́ yẹn ni wọ́n bí i. Nínú kóòtù, wọn kì í bi ara wọn ní ọdún tí ìyá bí wọn. "Ọdún wo ni wọ́n pè ọ́?" ni wọ́n ń béèrè, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ pè ló sì máa kọ́kọ́ sọ ẹjọ́ tirẹ̀. Mo ti rí àgbà méjì tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ara wọn ní gáùn ya lórí oṣù mẹ́rin péré. Nítorí náà, 2014 la máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọdún mẹ́fà ti lọ nínú iṣu yìí kí á tó fi ọ̀bẹ kàn án.

Ó tún kọ ọ́ pé láti 2015 títí di 2021, òun jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà nínú ẹ̀ka òfin báńkì kan. Iṣẹ́ gidi ni, n kò bù ú kù. Ṣùgbọ́n òfin ìwà àwọn agbẹjọ́rò kò gba lọ́yà tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ láyè láti lọ gbẹjọ́ rò fún ọ̀gá rẹ̀ ní kóòtù. Òṣìṣẹ́ òfin ti ìjọba nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Báńkì a máa gba lọ́yà ìta láti lọ dúró níwájú adájọ́. Ẹni ti inú ilé á jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú fáìlì lórí itan. Àwa akọ̀wé mọ̀ wọ́n dáadáa, àwọn ni wọ́n máa ń bi wá ní ọjọ́ tí wọ́n sún ẹjọ́ sí. Ọdún mẹ́fà mìíràn tún lọ. Nígbà tí a bó iṣu náà tán, nǹkan bí ọdún mẹ́rin sí márùn-ún ló kù tó ti ń dìde fúnra rẹ̀. Ìyẹn kò kéré fún ẹjọ́ gbèsè. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí ẹ san owó ọdún 15.

ACIArb tó wà níbẹ̀ ń sọ pé ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ìdájọ́ àdáni láàárín oníṣòwò, ní ìpele ìbẹ̀rẹ̀. Ó wúlò bí ẹ bá ti jọ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ibẹ̀ lẹ máa gbé ìjà lọ. Ẹ̀yin, mo fura pé inú ìwé ẹ̀sáṣáìsì lẹ kọ àdéhùn yín sí. Ẹ fò ó.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tún kọ ọ́ sí etí ìwé náà pé, "Kò tíì di SAN o." Kí ìyẹn má dà yín láàmú. Láti 1975 tí wọ́n ti fi oyè Senior Advocate of Nigeria náà dá F.R.A. Williams àti Graham-Douglas lọ́lá, tó fi dé orí Folake Solanke tó di obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀ ní 1981, oyè ńlá ni, ẹni tí kò bá tíì lo ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́ kò sì lè dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n SAN kì í dá nìkan dìde nínú ẹjọ́ sífù ní Ilé Ẹjọ́ Gíga, lọ́yà mìíràn gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orí méjì lẹ máa bọ́ lórí owó sìmẹ́ǹtì.

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí á dé orí ọ̀rọ̀. Ó ní iṣẹ́ òun ni ẹjọ́ sífù àti ti òwò. Ẹjọ́ sífù ni èyí tí kò ní ọlọ́pàá àti ọ̀daràn nínú: gbèsè, àdéhùn tó bàjẹ́, ilẹ̀, ogún. Ti òwò ni ìjà báńkì àti oníbàárà, ìjà àwọn tó jọ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ọjà tó dé láìpé. Orúkọ kan ló ń jẹ́, àmọ́ kì í ṣe ojúbọ kan ni wọ́n ti ń bọ ọ́. Ìjà lórí bí wọ́n ṣe ń darí ilé-iṣẹ́ tí òfin forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ló ni ín, gẹ́gẹ́ bí abala 251 nínú ìwé òfin 1999 ṣe là á sílẹ̀. Gbèsè sìmẹ́ǹtì ńkọ́? Bí ẹni tó jẹ ẹ́ bá tilẹ̀ jẹ́ ilé-iṣẹ́, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti ìpínlẹ̀ ni. Kóòtù ẹjọ́ kéékèèké tí Èkó dá sílẹ̀ ní 2018 yá ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù márùn-ún ni òpin rẹ̀, tiyín ti kọjá ibẹ̀. Mo mọ ẹjọ́ kan tó rìn fún ọdún mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó gbà pé ẹnu ọ̀nà tí kò tọ́ ni wọ́n kàn.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó mọ ẹjọ́ gbèsè, ẹ má bi í léèrè pé ṣé ó mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ jókòó níwájú rẹ̀, kí ẹ fetí sí ohun tí òun máa bi yín. Ẹni tó mọṣẹ́ á bi yín pé: "Mummy, ta ló fọwọ́ sí wébìlì nígbà tí tírélà já ẹrù ní sáìtì? Orúkọ ilé-iṣẹ́ ló wà lórí rẹ̀ ni, àbí orúkọ kọngílá?" Nítorí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, èèyàn ọ̀tọ̀ ni lójú òfin. Bí ilé-iṣẹ́ bá jẹ yín ní gbèsè, tí ẹ wá pe ọ̀gá rẹ̀ nìkan lẹ́jọ́, á rẹ́rìn-ín wọlé, á rẹ́rìn-ín jáde. Á tún bi yín pé: "Fóònù tí ẹ fi ń gba ẹ̀bẹ̀ kọngílá lórí WhatsApp, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ yín?" Bí ẹ bá kàn tẹ ọ̀rọ̀ WhatsApp sórí bébà tí ẹ sì gbé e lọ, adájọ́ lè tì í padà. Abala 84 nínú òfin ẹ̀rí ti 2011 ń béèrè ìwé tó máa jẹ́rìí sí ẹ̀rọ tó ti wá àti bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Lọ́yà tó bá ní kí ẹ kàn ya fọ́tò rẹ̀ sílẹ̀, pé ó tán, ẹ dìde.

Ìbéèrè kẹta tó yẹ kó bi yín ni bóyá ẹ ti kọ̀wé sí kọngílá náà láti yanjú ọ̀rọ̀ ní ìtùbí-ìnùbí. Ní Èkó, olùpẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn nínú ìwé pé òun ti gbìyànjú ìlàjà kí òun tó wá. Láti 2004 sì ni kóòtù Èkó ti ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí àti ẹ̀dà gbogbo ìwé bá ìwé ìpẹ̀jọ́ wọlé lọ́jọ́ kan náà. Àṣà pé "a ó máa wá ìyókù tó bá yá" ti lọ. Gbèsè tó bá ṣe kedere tún ní ọ̀nà àbùjá: bí olùjẹ́jọ́ kò bá ní àwíjàre gidi, adájọ́ lè dá a láìpe ẹlẹ́rìí kankan. Bó bá lo wákàtí kan pẹ̀lú yín tí kò dárúkọ ọ̀nà yìí, gbogbo LL.M. yẹn, ẹ̀ṣọ́ ara ògiri ni.

Ohun kan wà tí n kò lè ṣàìsọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nínú ìwé náà. Ní 2007, nínú ẹjọ́ Okafor àti Nweke, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé ìwé ẹjọ́ tí wọ́n fi orúkọ ọ́fíìsì fọwọ́ sí kì í ṣe ìwé ẹjọ́, pé ènìyàn tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé orúkọ àwọn lọ́yà ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹjọ́ bàbá kan tó ti lo ọdún mẹ́sàn-án lọ́dọ̀ wa dé orí tábìlì. Lọ́yà apá kejì dìde, ó ṣí ìwé àkọ́kọ́ pátá, ó fi ìka tọ́ka sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Orúkọ ọ́fíìsì ló wà níbẹ̀. Kò tó ogún ìṣẹ́jú, adájọ́ ti fa ẹjọ́ náà sọnù. Èmi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé. Bàbá náà tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Akọ̀wé, ṣé wọ́n dá mi lẹ́bi ni?" Wọn kò dá a lẹ́bi, wọn kò dá a láre. Mo wo ojú rẹ̀, n kò rí èsì fún un títí òní. Nítorí náà, bí ìwé yín bá ti jáde, ẹ sọ pé kí wọ́n fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ hàn yín. Kí orúkọ ènìyàn wà níbẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúkọ náà. Òǹtẹ̀ Ẹgbẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò náà yẹ kó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìyẹn bá fò wọ́n, wọ́n ṣì lè padà lẹ̀ ẹ́. Ìfọwọ́sí ni kò ní àtúnṣe. Ẹ tún bi í bóyá ó ti san owó ẹgbẹ́ ti ọdún yìí, èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ san kó tó di 31 March lọ́dọọdún.

Ó kọ ọ́ pé òun ti "ṣe aṣojú àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá nínú ẹjọ́ tó díjú." Gbogbo wọn ló ń kọ èyí. Ẹ béèrè nọ́ńbà ẹjọ́. Ẹjọ́ kì í ṣe àṣírí: ẹnikẹ́ni lè san owó díẹ̀ ní kóòtù kó gba ẹ̀dà ìdájọ́ tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí, orúkọ lọ́yà méjèèjì á sì wà nínú rẹ̀. Àwọn tó bá dé Kòtẹ́milọ́rùn tàbí tó kọjá ibẹ̀, ẹ lè rí orúkọ wọn nínú Nigerian Weekly Law Reports tí Gani Fawehinmi, ọmọ Oǹdó, dá sílẹ̀ ní 1985. Kí ẹ má sì ṣe ka iye tó borí nìkan o. Lọ́yà tí kò pàdánù ẹjọ́ rí, bóyá ẹjọ́ ló máa ń ṣà bí ẹni ṣa ìrẹsì.

Ìsàlẹ̀ ojú kejì ni mo wá ti rí i, nínú lẹ́tà tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi wá awò mìíràn. Ó ní ní 2023, òun gba gbèsè fún oníṣòwò ẹja dídì kan, pé wọ́n sì rí owó náà gbà láti inú àkáǹtì olùjẹ́jọ́ ní báńkì. Ìlà kan péré! Ìyá wa, ìlà yẹn ni mo fi bírò yí ká. Ìdájọ́ kì í ṣe owó. Mo ti rí àwọn tó jó jáde ní kóòtù pẹ̀lú ìdájọ́, tí akódà dé ilé olùjẹ́jọ́ tí kò bá nǹkan kan níbẹ̀ ju àga oníke mẹ́ta lọ. Kí lọ́yà mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ wá ibi tí owó olùjẹ́jọ́ sùn sí, kó sì gba àṣẹ kóòtù pé kí báńkì má jẹ́ kó kúrò níbẹ̀, ibẹ̀ ni ọdún mẹ́fà tó lò ní báńkì ti máa ṣe yín láǹfààní. Ó ti fi gbogbo ojú kìíní yin ara rẹ̀ lórí ohun tí kò tó nǹkan, ó wá fi ohun tó tó nǹkan há igun. Bóyá kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìlà yẹn ló dára jù. Àwọn ọ̀dọ́ lọ́yà mọ òyìnbó, wọn kì í sábà mọ ohun tí ìyá olọ́jà ń wá.

Lórí 800,000, n kò ní sọ pé ó pọ̀ tàbí pé ó kéré. Ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀: ṣé owó ìforúkọsílẹ̀ ẹjọ́ wà nínú rẹ̀? Ṣé ẹ máa tún san owó ní gbogbo ọjọ́ tó bá dìde? Bí kọngílá bá gbé ẹjọ́ lọ sí Kòtẹ́milọ́rùn ńkọ́? Ta ni yóò dìde gan-an, òun tàbí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè lánàá? Nígbà tí gbèsè náà bá wọlé, àkáǹtì tó yà sọ́tọ̀ fún owó oníbàárà ló gbọ́dọ̀ gbà á sí, kì í ṣe tirẹ̀. Kí ẹ̀dà gbogbo ìwé sì wà nílé yín pẹ̀lú. Kóòtù àgbà tó wà ní erékùṣù Èkó jóná ní October 2020, fáìlì sì bá iná lọ.

Ìdájọ́ mi nìyí: ẹ lọ rí i. Ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ oníṣòwò ẹja yẹn, kí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín lọ wò ó ní kóòtù. Bó bá rí bó ṣe kọ ọ́, ẹ gbé iṣẹ́ fún un. Bó bá ń fi ọ̀rọ̀ bò yín lójú, ẹ wá ẹlòmíràn kíákíá, kí ẹ má fi èyí wá mi mọ́, ẹ má sì gbé ara lé "ẹ ṣe sùúrù" orí WhatsApp. Gbèsè àdéhùn lásán bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́fà ni òfin Èkó fún yín láti gbé e lọ sí kóòtù. Ìparí December 2020 ni ọ̀rẹ́ yín dá. Ọdún mẹ́fà náà yóò pé ní ìparí December 2026.